Ìgò Tí Kò Ní Orúkọ: Ọ̀rọ̀ Lórí Ásíìdì Tí A Ń Fi Pa Ojú

Ẹ̀yin ọba aládé, ẹ̀yin ìjòyè, àti gbogbo ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú tí ẹ ń ka ìwé yìí lóṣooṣù, ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè, kì í ṣe ti ààlà ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ìtàn àwọn baba wa tí ó sábà máa ń gba ojú ewé wọ̀nyí. Ọ̀rọ̀ ìgò kékeré kan ni. Ìgò yìí wà lórí àtẹ ní ọjà wa, ó wà nínú àpò àwọn ọmọbìnrin wa, ó sì wà lẹ́bàá dígí nínú iyàrá àwọn ọmọkùnrin kan pẹ̀lú. Omi tí ó mọ́ gaara ni ó wà nínú rẹ̀. Kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn, bí a bá sì gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi mímu, ojú lásán kò lè mọ èyí tí í ṣe omi nínú méjèèjì. Glycolic acid ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un. Àwa yóò máa pè é ní ásíìdì glycolic.

A kò kọ ọ̀rọ̀ yìí láti bẹ ìjọba pé kí wọ́n lé ásíìdì yìí kúrò ní ìlú. Ohun tí a ń bèèrè kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, bóyá ó sì ṣòro jù ú lọ: pé kí a má ṣe ta ìgò rẹ̀ kan ní ọjà wa láìjẹ́ pé a kọ orúkọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sára rẹ̀, pẹ̀lú agbára rẹ̀ àti ìkìlọ̀ rẹ̀, kí a sì kọ ọ́ ní èdè tí ẹni tí ń rà á gbọ́.

Ó tọ́ kí a bèèrè ìdílé ẹni kí a tó dá a lẹ́jọ́. Ásíìdì yìí wà nínú ìrèké, ó wà nínú ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ó sì wà nínú èso àjàrà tí kò ì tíì pọ́n. Auguste Laurent, onímọ̀ ará Faransé, ni ó fún un ní orúkọ ní 1848, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi ojú rí i. Ní 1851 ni Adolph Strecker ará Jámánì àti Nikolai Sokolov ará Rọ́ṣíà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é jáde. Àwa Yorùbá a máa dúró di ọjọ́ kẹjọ kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọmọ yìí ti jẹ́ orúkọ ní ọdún mẹ́ta ṣáájú kí a tó bí i.

Ọ̀rọ̀ ìrèké yìí ni àwọn tí ń tà á gbá mú. Wọn a máa sọ fún oníbàárà pé inú ìrèké ni ó ti wá, pé ohun tí ọmọdé ń jẹ lẹ́nu kò lè pa àgbà lára. Nítorí èyí ni àwa kò fi fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa pè é ní omi ìrèké, bí orúkọ náà tilẹ̀ dùn létí. Èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń tà kò ti inú oko ìrèké wá rárá. Láti inú formaldehyde, carbon monoxide àti omi ni wọ́n ti ń ṣe é láti ìgbà pípẹ́, pẹ̀lú ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ líle, tàbí kí wọ́n lo àwọn èròjà mìíràn tí kò bá ìrèké tan. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ pé inú ìrèké gan-an ni ó ti wá, kín ni èyí yóò fi hàn? Inú ìrèké náà ni a ti ń rí ọtí líle. Inú gbágùúdá tí a fi ń ṣe gaàrí ni oró tí í pa ewúrẹ́ wà, àwọn ìyá wa sì mọ̀ pé ìrẹsómi, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ àti yíyan ni ó sọ ọ́ di oúnjẹ. Ibi tí nǹkan ti wá kò tó láti sọ fún wa bí yóò ti ṣe ní ara.

Ohun èlò ilé-iṣẹ́ ni ásíìdì yìí kí ó tó di ohun ìpara, ilé-iṣẹ́ sì ń lò ó títí di òní. Àwọn tí ń ṣe awọ ẹran a máa fi í yọ ẹfun kúrò lára awọ. Àwọn tí ń pa aṣọ láró a máa lò ó. A ń fi í bó ìpẹtà lára irin, a ń fi í fọ ohun funfun tí omi líle máa ń fi sílẹ̀ nínú ìkòkò ńlá tí ń ṣe ooru, a sì ń fi í fọ àwọn ohun èlò tí a ń da wàrà sí. Wọ́n yàn án nítorí pé òórùn rẹ̀ kì í gba imú ẹni, àti nítorí pé nígbà tí a bá dà á nù, àwọn ohun alààyè tín-tìn-tín inú ilẹ̀ a máa jẹ ẹ́ tán. Àwọn oníṣẹ́ abẹ pàápàá jẹ ẹ́ ní gbèsè ọpẹ́. Bí a bá so ìwọ̀n kékeré-kékeré rẹ̀ pọ̀ mọ́ ara wọn bí ẹ̀wọ̀n, ó di okùn tí a fi ń rán egbò, tí í yọ́ fúnra rẹ̀ nínú ara láìjẹ́ pé a tún fi abẹ́ já a kúrò. Ní nǹkan bí 1970 ni irú okùn bẹ́ẹ̀ àkọ́kọ́, tí a ń pè ní Dexon, dé ọwọ́ àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà. Ohun tí ó lè rán egbò kò yẹ ní ohun tí à ń pè ní ọ̀tá.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo bí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ti ń ṣe bá a gbé. Ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ni a sábà máa ń tà á fún wọn, èyí ni pé bí a bá wọn 100 kílò láti inú àgbá, 70 kílò ni ásíìdì, 30 kílò ni omi. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ kì í ṣí irú àgbá bẹ́ẹ̀ láìwọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, láìfi jígí tí ó yí ojú ká bo ojú rẹ̀, láìwọ aṣọ ìbora tí omi kò lè gbà kọjá. Bí ó bá fẹ́ dín agbára rẹ̀ kù, omi ni yóò kọ́kọ́ bù, yóò sì máa da ásíìdì sínú omi náà díẹ̀díẹ̀. Kì í da omi lé ásíìdì lórí, nítorí pé ó lè gbóná kí ó sì ta sí i lójú. Kò ní kó o sínú garawa irin, nítorí pé ó ń jẹ irin, afẹ́fẹ́ tí í tètè gbiná a sì máa ti ibẹ̀ jáde. Kò ní jẹ́ kí ó pàdé omi tí a fi ń fọ aṣọ funfun, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní Hypo tàbí Jik, nítorí pé èéfín chlorine tí yóò jáde lè dí ènìyàn ní èémí. Ọkùnrin tí a kọ́ ní iṣẹ́ yìí ń múra bí ọmọ ogun kí ó tó fi ọwọ́ kan án; ọmọbìnrin ogún ọdún kan a sì dúró níwájú dígí ní òru, pẹ̀lú ìka lásán àti òwú, yóò fi omi kan náà nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Báwo ni omi ilé-iṣẹ́ ṣe dé ẹ̀rẹ̀kẹ́? Ọ̀nà tí ó tọ́ ni ó kọ́kọ́ gbà wá. Ní 1974, Eugene Van Scott tí í ṣe dókítà awọ ara, àti Ruey Yu tí í ṣe onímọ̀ nípa èròjà, tẹ ìwé kan jáde ní Amẹ́ríkà tí ó fi hàn pé ásíìdì yìí àti àwọn ìbátan rẹ̀ lè tu awọ líle lára àwọn tí àrùn kan ń bá jà, àrùn tí í mú ara ènìyàn rí bí ìpẹ́ ẹja. Fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, tí àwọn ẹlòmíràn kì í fẹ́ bọ̀ lọ́wọ́, oore ńlá ni. Láti ibẹ̀ ni àwọn oníṣòwò ìpara ti gbà á, a kò sì lè bá wọn wí fún èyí nìkan. Òkú awọ ni ó wà lókè pátápátá ní ara wa, wọ́n tò lé ara wọn bí páànù òrùlé, ohun kan bí àtè ni ó sì so wọ́n pọ̀. Ásíìdì glycolic ni ó kéré jù lọ nínú ẹbí rẹ̀, nítorí náà ó tètè ń wọ inú awọ. A máa tú àtè náà, òkú awọ a ṣí kúrò, tuntun a sì yọ. Bí agbára rẹ̀ bá mọ níwọ̀n, ojú a máa jọ̀lọ̀, àmì irorẹ́ a sì máa parẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá kọjá ìwọ̀n, kì í dúró lórí òkú awọ mọ́. Yóò wọ inú ààyè.

Ìwọ̀n yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a fi sùúrù tú u. Ohun méjì ni a gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa ìgò kọ̀ọ̀kan. Èkíní ni iye ásíìdì tí ó wà nínú rẹ̀. Èkejì ni òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ń pè ní pH, tí a fi ń mọ bí nǹkan ti kan tó. Omi lásán wà ní 7. Bí iye náà bá ti ń dínkù ni kíkan ń pọ̀ sí i, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìlọ́po 10: ohun tí ó wà ní 3 kan ju èyí tí ó wà ní 4 lọ ní ìlọ́po 10, ó sì kan ju èyí tí ó wà ní 5 lọ ní ìlọ́po 100. Awọ ara wa fúnra rẹ̀ kan díẹ̀, nǹkan bí 5 ni ó wà. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ fi díẹ̀ ju 2 lọ. Ásíìdì glycolic ìdá 70 tí a kò fi ohunkóhun rọ̀, kò tó 1. Ìgò méjì lè ní iye ásíìdì kan náà, kí ọ̀kan rọra jọ̀lọ̀ lójú, kí èkejì sì bó ojú, nítorí pé pH wọn yàtọ̀. Ìgò tí ó bá sọ èkíní tí kò sọ èkejì, ìdajì òtítọ́ ni ó sọ.

Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí ń yẹ èròjà ìpara wò ní Amẹ́ríkà, tí a ń pè ní Cosmetic Ingredient Review, sọ nínú ìròhìn tí wọ́n tẹ̀ ní 1998 pé ohun tí ẹnikẹ́ni lè rà lọ sílé kò gbọdọ̀ ní ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, pH rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ lọ sísàlẹ̀ 3.5. Fún àwọn tí a kọ́ ní iṣẹ́ náà ní ilé ìṣara-lóge, wọ́n gba ìdá 30, pẹ̀lú pH tí kò lọ sísàlẹ̀ 3, kí ó má pẹ́ lára, kí a sì fi omi ṣàn án dànù. Ní 2000, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù tilẹ̀ ṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìdá 4 àti pH 3.8 ni wọ́n dámọ̀ràn. Gbogbo wọn ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ oòrùn kún un. Ìdánwò tí àjọ FDA ti Amẹ́ríkà ròhìn fi hàn pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí a fi irú ásíìdì yìí pa ara, oòrùn a máa tètè jó awọ náà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ ní ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún, àti pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí a bá dáwọ́ dúró ni ara ń padà bọ̀ sípò. Ní 2005 ni FDA ní kí àwọn oníṣòwò kọ ìkìlọ̀ oòrùn sára ìgò wọn. Ní oṣù Keje 2024, wọ́n tún kìlọ̀ fún àwọn ará Amẹ́ríkà pé kí wọ́n má ṣe fi ásíìdì líle bó ojú fúnra wọn nílé láìsí dókítà. Bí a bá kìlọ̀ yìí fún àwọn tí ń gbé ibi tí òjò yìnyín ti ń bọ́, mélòó-mélòó ni àwa tí oòrùn ọ̀sán ń pa láti Ìbàdàn títí dé Ṣakí?

Ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni tí a ti ń ṣiṣẹ́, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan wà tí a kò ní dárúkọ rẹ̀. Ó ra ìgò kan lọ́wọ́ ẹni tí ń kiri ọjà. Kò sí ìwé kankan lára ìgò náà. Nọ́mbà 70 nìkan ni a fi bírò kọ sí i. Nígbà tí a bi í léèrè lẹ́yìn náà ohun tí ó rò pé nọ́mbà yìí dúró fún, ó ní òun rò pé bí máàkì ìdánwò ni, pé èyí tí ó gba 70 sàn ju èyí tí ó gba 10 lọ. Ó fi pa ojú ní alẹ́. Ó ń jó o, ṣùgbọ́n ẹni tí ó tà á ti sọ fún un pé jíjó rẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀, nítorí náà ó fi orí tì í. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì ti gbẹ bí èèpo. Ọ̀sẹ̀ tí ó yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ níwájú olùbẹ̀wò ni ọ̀ràn yìí ṣẹlẹ̀. Ó fi gèlè bo ojú, kò sì lọ. Ọmọ tí ó gbọ́n ni, kò sì sí ọ̀lẹ nínú rẹ̀. Ohun tí kò ní kò ju ìlà mẹ́rin lọ lára ìgò.

Ojú náà san, ṣùgbọ́n àmì dúdú méjì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, a sì fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí èyí, nítorí pé ó kan àwa aláwọ̀ dúdú ju ẹlòmíràn lọ. Òótọ́ ni pé dúdú ara wa ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ oòrùn. Kì í dáàbò bò wá lọ́wọ́ ásíìdì. Nígbà tí iná tàbí ásíìdì bá dá egbò sí awọ bíi tiwa, ohun tí ń pèsè dúdú nínú rẹ̀ a máa dàrú, a sì máa tú dúdú jáde ju bí ó ti yẹ lọ, tí ibi tí ó jó yóò fi dúdú ju ibi tí kò jó. Lára àwọn ẹlòmíràn, àpá a máa wú sókè, kì í sì í rọlẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó ń wá kí ojú òun mọ́ kedere bá àbàwọ́n pàdé. Lọ́jọ́ kejì, ó padà sí ọjà lọ ra èyí tí ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ kí ó lè fi pa àbàwọ́n náà rẹ́. Àyípo yìí ni ó ń fún àwọn kan ní owó. Àwọn dókítà awọ ara tí ń fi ásíìdì yìí tọ́jú aláwọ̀ dúdú a máa bẹ̀rẹ̀ láti ìdá 20 tàbí 30, wọn a máa wo aago ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú, wọn a sì fi omi tàbí sodium bicarbonate tí a pò mọ́ omi pa agbára rẹ̀, nítorí pé ásíìdì yìí kì í mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dá iṣẹ́ dúró.

Ẹnìkan lè wí pé bíbóra ni gbogbo rẹ̀, pé ẹni tí kò fẹ́ àwọ̀ tí Ọlọ́run dá mọ́ ọn ni ó fa ìyà fún ara rẹ̀. Àwa náà kórìíra bíbóra, a sì ti sọ bẹ́ẹ̀ lójú ewé yìí rí. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a pín nǹkan sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bí ó ti yẹ àwọn tí ó kàwé. Makúrì àti hydroquinone ni àwọn tí ń bóra ń wá. Ìkíní ń ba kíndìnrín jẹ́, ìkejì ń dá iṣẹ́ dúdú dúró nínú awọ. Ásíìdì glycolic kò lè sọ dúdú di pupa. Òkú awọ ni ó ń ká kúrò. Ìwà ibi wọlé níbi tí àwọn apo-ìpara bá ti pò wọ́n pọ̀ nínú abọ́ kan, nítorí pé ásíìdì ń ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ìyókù láti wọ inú ara jinlẹ̀ ju bí wọn ì bá ti wọ̀ lọ. NAFDAC tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1993 ti fi òfin de makúrì nínú ìpara, ní 2023 wọ́n sì kéde pé ọ̀ràn ìpara abóra ti di pàjáwìrì. Òfin wà. Ìgò tí kò ní orúkọ ni òfin kò lè rí mú.

A kò sì fara mọ́ àwọn ọ̀rẹ́ wa kan nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ní kí a da gbogbo nǹkan òyìnbó nù, kí a padà sí ọsàn wẹ́wẹ́. Òrí, àdín, osùn àti ọṣẹ dúdú, a bọlá fún wọn, a sì ń lò wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ pa ara, tí ó sì jáde sínú oòrùn, lè bá ara rẹ̀ pẹ̀lú ìléròrò àti àmì dúdú, nítorí pé ohun kan wà nínú ọsàn tí oòrùn máa ń sọ di iná lára. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran.

Ibòmíràn sì wà tí ásíìdì yìí ti ń pa ènìyàn láìjẹ́ pé ó fojú hàn. Omi aláwọ̀ tí àwọn mẹkáníìkì ń dà sínú rédíétọ̀ mọ́tò, èyí tí a fi ethylene glycol ṣe, a máa dùn lẹ́nu. Bí ọmọdé bá mu ún, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò sọ ọ́ di ásíìdì glycolic nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà yóò kan, kíndìnrín yóò sì bàjẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ilé ìwòsàn ni a gbọ́dọ̀ gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ lójú ẹsẹ̀, kí a má ṣe fún un ní epo pupa mu. Inú ìgò ẹlẹ́rìndòdò ni a ti ń rí omi yìí ní ìsàlẹ̀ bẹ́ǹṣì mẹkáníìkì, láìsí orúkọ.

Ẹni tí ásíìdì bá ta sí lára, omi ni oògùn rẹ̀ àkọ́kọ́: omi mímọ́ tí ń ṣàn, fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán, kí a sì bọ́ aṣọ tí ó ti kàn kúrò. Bí ó bá jẹ́ ẹyinjú, kí a fi ìka la ìpéǹpéjú sílẹ̀ kí omi lè wọ ibẹ̀ dáadáa, kí a sì máa lọ sọ́dọ̀ dókítà. Kí a má ṣe fi ẹyin tútù, òróró tàbí ọṣẹ ìfọyín lẹ̀ ẹ́.

Ní ti àwọn tí yóò lò ó láìbẹ̀rù, ọ̀rọ̀ wa kò pọ̀. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìdá 5, ní alẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi díẹ̀ pa inú apá, kí wọ́n sì dúró di ọjọ́ kejì. Kí wọ́n má ṣe fi pa ojú tí abẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lé lórí tàbí tí ó ní egbò, kí wọ́n sì fi ìpara ìdènà oòrùn pa ara ní òwúrọ̀.

Ìdí tí a fi gbé ọ̀rọ̀ yìí tọ ẹ̀yin ọba àti ìjòyè wá nìyí, dípò kí a gbé e lọ sí Àbújá nìkan. NAFDAC kò lè dúró ní ìdí àtẹ kọ̀ọ̀kan. Ìyálọ́jà dúró níbẹ̀ lójoojúmọ́, ọ̀dọ̀ yín ni ó sì ti gba àṣẹ rẹ̀. Ìgbà tí àwọn ìyá wa fẹ́ kí òṣùwọ̀n gaàrí dọ́gba ní ọjà, wọn kò dúró de ọlọ́pàá. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí ẹ bá pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bu ásíìdì láti inú kẹ́ẹ̀gì sínú ìgò láìlẹ ìwé mọ́ ọn, oṣù mẹ́ta kò ní kọjá kí ọjà tó mọ̀ pé ẹ kò ṣe àwàdà. A mọ̀ pé àwọn kan yóò pàdánù èrè. Àwọn tí ń ta ojúlówó kò ní pàdánù ohunkóhun. Àwọn ni èyí yóò gbè.

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé sì ni ọ̀rọ̀ èdè kàn. Gẹ̀ẹ́sì ni a kọ sára ọ̀pọ̀ ìgò tí a ti yẹ̀ wò, Faransé wà lára àwọn tí ó gba Kútọnu wọlé, a sì rí ti Kòríà. Ìyá tí ó lè ka Bíbélì rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní Yorùbá a máa di aláìmọ̀wé níwájú ìgò yìí. Ó pẹ́ tí a ti ń tẹ èdè wa; ní 1859 ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta. Èdè tí a ti fi kọ òfin, ìṣirò àti ìwòsàn kò lè kùnà láti gba ìlà mẹ́fà lára ìgò. Àwọn kan wí pé kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá fún irú nǹkan báyìí. A jókòó tì í ní ọ̀sán ọjọ́ kan pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, ohun tí a rí kọ nìyí:

ÁSÍÌDÌ GLYCOLIC. Ìdá … nínú ọgọ́rùn-ún. pH …
Ó ń jóni. Má ṣe jẹ́ kí ó kan ẹyinjú.
Bí ó bá ju ìdá 10 lọ, tàbí tí pH rẹ̀ kò tó 3.5, má ṣe lò ó nílé: ti àwọn tí a kọ́ ní iṣẹ́ ni.
Bí ó bá ń jó ọ, fi omi púpọ̀ ṣàn án fún ogún ìṣẹ́jú.
Sá fún oòrùn ní gbogbo ìgbà tí o bá ń lò ó, àti fún ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀.
Gbé e sí ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó. Má ṣe dà á sínú ìgò mìíràn.

Ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ tí ó mọ́ ju èyí lọ, kí ó fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́ kí ọjọ́ ìpàdé oṣù tí ń bọ̀ tó pé, nítorí pé ní ìpàdé náà ni a ó ti fi í lé Ìyálọ́jà lọ́wọ́, pẹ̀lú ẹ̀dà rẹ̀ tí a tẹ̀ tí yóò tó fún gbogbo àwọn tí ń ta ìpara ní ọjà.